Mọ́ínmọ́ín Tó Di Káróòtì: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Kíhódà Kan ní Ilé-Ifẹ̀

Kíhódà 30, ohun kékeré tí a ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́, ni iṣẹ́ tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí. Kíróṣè ni iṣẹ́ mi, òwú tí a ń fi ìkọ́ kékeré hun; a ó fi òwú hun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àwòrán mọ́ínmọ́ín eléwé, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tí yóò gùn ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Obìnrin kan láti àdúgbò Mọ̀ọ̀rè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ni ó gbé iṣẹ́ náà wá sí ìsọ̀ mi ní Lágere. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń múra láti ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún fún ìyá wọn, ẹni tí ó fi mọ́ínmọ́ín títà rán gbogbo wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ní àwọn kò fẹ́ pín abọ́ ike àti ife fún àlejò, nítorí pé kò sí ilé kan tí irú abọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì kún. Ohun tí àwọn ń fẹ́ ni ohun kékeré kan tí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ yóò máa dì mú lójoojúmọ́, tí yóò sì máa fi rántí Màmá. A fẹnu kò sí ₦1,500 fún ẹyọ kan, ó san ìdajì sílẹ̀, ọjọ́ 21 ni ó sì kù kí ọjọ́ ayẹyẹ pé. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ náà bàjẹ́ kí ó tó dára, àti nítorí pé ohun tí èmi kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi pè ní ìdí ìbàjẹ́ náà kọ́ ni ìdí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín eléwé rí mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí a bá tú u. A máa ń ká ewé náà bí àrọ tí a fi ń rọ epo, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ṣe ṣóńṣó, ẹnu rẹ̀ á fẹ̀. A ó da ẹ̀wà lílọ̀ sí i, a ó ṣẹ́ ẹnu ewé náà po, a ó sì tò ó sínú ìkòkò. Bí ó bá jinná tí a tú u, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò ti gba ìrísí ewé náà, ilà ibi tí ewé ti ṣẹ́ po á sì hàn lára rẹ̀. Oníbàárà wa tẹnu mọ́ ọn pé irú èyí gan-an ni òun ń fẹ́, kì í ṣe ti inú agolo, kì í sì í ṣe ti inú ọ̀rá. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá fi òwú hun mọ́ínmọ́ín inú agolo, kò sí ẹni tí yóò dá a mọ̀. Wọn yóò ní bátìrì ni. Ó tún ní mọ́ínmọ́ín ìyá àwọn kì í ṣe lásán, ẹlẹ́mìí méje ni, nítorí náà kí ẹyin hàn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Òǹkà tí mo kọ sínú ìwé fún iṣẹ́ náà rọrùn. (Ojú ni a ń pe ìsopọ̀ òwú kọ̀ọ̀kan tí ìkọ́ bá hun; ìyípo ni ìlà ojú tí ó yí po lẹ́ẹ̀kan.) Ibi ṣóńṣó ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ojú 6 ni a ó hun sínú òrùka òwú tí ó ṣeé fà pọ̀, kí ihò má baà ṣẹ́kù láàrin. Ìyípo kejì yóò jẹ́ 6 kan náà. Ní ìyípo kẹta a ó fi ojú 3 kún un kí ó di 9, ìkẹrin yóò dúró sí 9. Ìkarùn-ún yóò di 12, ìkẹfà yóò dúró. Ìkeje yóò di 15, ìkẹjọ yóò dúró. Ìkẹsàn-án yóò di 18, ìkẹwàá yóò sì dúró sí 18. Lẹ́yìn èyí ni a ó ki fáíbà sí i, irú èyí tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí, a ó wá dín ojú kù láti 18 sí 12, láti 12 sí 6, a ó sì fa ẹnu rẹ̀ pa. Bí a bá fi píìnì oní-mìlímítà 3 hun ún, gíga rẹ̀ yóò tó sẹ̀ǹtímítà 4, ìdí rẹ̀, ìyẹn apá ẹnu tí ó fẹ̀, yóò sì fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀. (Píìnì ni àwa ń pè é ní ọjà, ṣùgbọ́n ìkọ́ ni, ọ̀rọ̀ Faransé tí orúkọ kíróṣè fúnra rẹ̀ ti wá, ìkọ́ kékeré ni ó túmọ̀ sí.) Irú ojú kan ṣoṣo ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì kọ orúkọ ojú náà sí òkè ìwé ní lẹ́tà méjì péré: dc.

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ni mo gbé e fún. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ University, ọ̀sán tí kò bá ní kíláàsì ni ó máa ń wá sí ìsọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ, n kò ní purọ́. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ kíróṣè. Orí fóònù ni ó ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi fídíò kọ́ni, kí ó tó wá bá mi láti kọ́ bí a ṣe ń fi í ṣòwò. Ó wo ìwé mi, ó ní, “Ṣé double crochet ni gbogbo rẹ̀, mà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi kún un pé kí ó má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ jù, mo sì kọjú sí aṣọ ọmọ tuntun tí mo ń hun lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin ó kó 11 wá fún mi, pẹ̀lú ewé lórí wọn. Mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo wò wọ́n títí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Fáíbà funfun ń yọjú láàrin òwú bí irun imú arúgbó. Ara wọn pọ́n bí ọsàn, ìsàlẹ̀ wọn ṣe ṣóńṣó, ewé tútù yọ̀yọ̀ wà lórí wọn. Mo mọ ohun tí wọ́n jọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó jẹ́ ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà yóò ti kọ́kọ́ jáde. Kò pẹ́ tí oníbàárà wa, tí ó ń bọ̀ láti àdúgbò Mayfair, fi yà láti wo ibi tí iṣẹ́ dé. Ó mú ọ̀kan, ó yí i po, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó dára o, ṣùgbọ́n Màmá wa kò ta káróòtì rí.” Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tán, ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ni ó kù.

Ibí ni àṣìṣe tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Wúùlù tí àwọn onídìrí ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní Brazilian wool, ni ọmọ náà fi hun ún, nítorí pé òun ni ó kù nínú ìsọ̀, èmi náà ni mo sì ní kí ó lò ó. Ó ti pẹ́ tí n kò ti fẹ́ràn wúùlù náà fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Kì í ṣe irun àgùntàn, ákírílíìkì ni. Wọn kò lọ́ ọ mọ́ra dáadáa, nítorí náà píìnì a máa là á sí méjì bí a bá ń hun ún, bí ọwọ́ bá sì ti ń fà á lójoojúmọ́ yóò máa hu. Gbogbo èyí jẹ́ òtítọ́. Nítorí pé ó jẹ́ òtítọ́, tí mo sì ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú wúùlù náà tẹ́lẹ̀, mo dá a lẹ́bi lójú ẹsẹ̀. Mo fún ọmọ náà lówó kí ó lọ sí Ọjà Odò-Ògbè láti ra òwú gidi (cotton) tí kì í hu. Ó hun ọ̀kan ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé e wá ní ọjọ́ kejì. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7, ìdí rẹ̀ lé díẹ̀ ní 2. Káróòtì ni síbẹ̀, àfi pé ó rù díẹ̀.

Mo wá ní píìnì ni ó tóbi jù. Mo gba èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 3 lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní mìlímítà 2. Òwú gidi kì í nà bíi wúùlù, bí píìnì bá sì kéré jù fún un, gbogbo ojú ni a ó máa fi agbára tì kí píìnì tó lè wọ̀ ọ́. Ọ̀rùn ọwọ́ ọmọ náà ń dùn ún kí ó tó hun dé ìdajì. Èyí tí ó parí le bí igi, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6, ó sì jẹ́ káróòtì. Ọjọ́ mẹ́fà ti lọ. Owó òwú ti kúrò nínú èrè, a kò sì tíì ní mọ́ínmọ́ín kan ṣoṣo tí a lè fi han ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí mo ti rí i láti ìgbà tí a pààrọ̀ òwú. A pààrọ̀ òwú, títóbi rẹ̀ yí padà, ìrísí rẹ̀ kò yí padà. A pààrọ̀ píìnì, títóbi rẹ̀ tún yí padà, ìrísí rẹ̀ kò yí padà. Òwú àti píìnì ni wọ́n ń pinnu bí nǹkan yóò ṣe tóbi tó. Òǹkà àti irú ojú tí a hun ni wọ́n ń pinnu ohun tí yóò jọ. Ẹni tí ẹ̀wù rẹ̀ ní apá mẹ́ta kò gbọdọ̀ máa wá ìdí rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ta aṣọ fún un.

Ní ọjọ́ keje mo gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. A jọ ka ìyípo dé ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín ojú kù, ó jẹ́ 10. A ka ojú ìyípo tí ó kẹ́yìn nínú wọn, ó jẹ́ 18. Òǹkà rẹ̀ pé láìyẹ̀. Mo ní kí ó hun ojú kan ṣoṣo kí n rí i. Ó mú píìnì, ó kọ́kọ́ fi òwú yí ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó tó tì í bọ inú ojú tí ó wà nílẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, “Kí ni o ń ṣe yẹn?” Ó ní, “Double crochet ni, mà.” Mo ní, “Èyí kọ́ ni double crochet.” Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn pé òun ni, mà, ó sì ṣí fóònù rẹ̀ láti fi hàn mí. Òun ni lóòótọ́. Èmi náà ṣí ìwé àtijọ́ tí ọ̀gá mi fún mi, mo fi ohun tí ó wà nínú tèmi hàn án. Òun náà ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Nínú ojú tí ó kúrú, a ó ti píìnì bọ inú ojú tí ó wà nílẹ̀, a ó fa òwú jáde kí ó di méjì lọ́rùn píìnì, a ó tún mú òwú, a ó sì fà á gba inú méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ó parí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí ní double crochet. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ohun kan náà ní single crochet. Nínú ojú gíga, a ó kọ́kọ́ fi òwú yí ọrùn píìnì kí a tó tì í wọlé; lẹ́yìn tí a bá fa òwú jáde, mẹ́ta ni yóò wà lọ́rùn píìnì; a ó fa òwú gba inú méjì kọjá, a ó sì tún fà á gba inú méjì tí ó kù. Èyí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní double crochet, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní treble. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo orúkọ náà ṣe fi ìpele kan sá fún ara wọn títí dé òkè, nítorí pé ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní treble, double treble ni fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin tí ó kọ́ mi ní iṣẹ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìwé tí òun fi ń kọ́ni ti wá. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi kọ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọjọ́ tí ó bi mí léèrè, tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àwa méjèèjì ń sọ òtítọ́ nípa ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àmì wà tí a fi ń dá ìlànà méjèèjì mọ̀ yàtọ̀, mo sì ti kọ́ ọ báyìí. Bí a bá rí sc nínú ìwé ìlànà, ti Amẹ́ríkà ni, nítorí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà lo orúkọ náà. Níbi tí a bá ti ní kí a fo ojú kan, skip ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ, miss ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ. Fún bí ọwọ́ ṣe le tàbí dẹ̀ tó, gauge ni ti Amẹ́ríkà, tension ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n dc nìkan kò fi ibi tí ó ti wá hàn, ìwé tèmi kò sì ní ju dc lọ.

Ohun tí ó sọ mọ́ínmọ́ín di káróòtì kò ṣòro láti ṣírò nígbà tí a ti mọ èyí. Ojú gíga fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ojú kúkurú ní gíga, ṣùgbọ́n fífẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìyípo 10 tí ó yẹ kí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 4 wá di 8, bẹ́ẹ̀ ìdí rẹ̀, tí ojú 18 ń pinnu, ṣì wà ní 2 àti ààbọ̀. Ohun tí gíga rẹ̀ kò tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀ wá di ohun tí gíga rẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ti hun fìlà rí yóò tètè rí i: bí a bá fi ojú kúkurú hun ohun pẹlẹbẹ tí ó rí roboto, ojú 6 ni a máa ń fi kún un ní ìyípo kọ̀ọ̀kan kí ó tó lè sùn sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú gíga ń fẹ́ 12. Òǹkà tí a ṣe fún ojú kúkurú kò lè tó ojú gíga. Yóò máa nà sókè ni. Fáíbà tí ó ń yọjú náà, ojú gíga ni ó fà á, nítorí pé àlàfo wà láàrin ẹsẹ̀ ojú gíga kan àti èkejì, òwú yòówù kí a fi hun ún. Àwọn ará Jàpáàn, tí wọ́n gbajúmọ̀ fún ọmọláńgidi kékeré oníkíróṣè tí wọ́n ń pè ní amigurumi, ojú kúkurú ni wọ́n fi ń hun ún po, wọ́n sì máa ń lo píìnì tí ó kéré ju èyí tí òwú náà ń béèrè lọ, kí ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀ má baà hàn.

Ní ti ẹni tí ó jẹ̀bi, n kò yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó ọmọ náà. Ó béèrè kí ó tó ṣe é. Èmi tí wọ́n bi ni mo dáhùn láìgbé ojú sókè, èmi náà ni mo sì rán an lọ ra òwú kí n tó wo ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí mo lè rí bá a wí lé lórí ni pé ó hun 11 kí ó tó fi ẹyọ kan hàn mí, òun náà sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi Yorùbá kọ irú ojú sínú ìwé ìsọ̀ wa: ojú kúkurú ni “àfàkan”, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ń fa òwú gba ohun tí ó wà lọ́rùn píìnì kọjá, ojú gíga ni “àfàméjì”. Èyí tí ó wà láàrin wọn, tí a ń fi òwú yí píìnì lọ́rùn ṣùgbọ́n tí a ń fà á gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà sọ ọ́ ní “àfàkan olówèé”. Orúkọ náà kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ṣì í mú.

Ọjọ́ 14 ni ó kù. A kò pa òwú gidi tì, a lo píìnì oní-mìlímítà 2 àti ààbọ̀, a sì fi àfàkan hun ara rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní ìwọ̀n tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 4, ó sanra nídìí, fáíbà kò hàn. Kí a tó tẹ̀síwájú, a ki òwú náà bọ omi, a sì fún un sínú aṣọ funfun. Àwọ̀ rẹ̀ ràn mọ́ aṣọ náà díẹ̀, nítorí náà a fi omi ṣàn án títí omi fi mọ́. Ohun tí a ń dì mú pẹ̀lú ọwọ́ tí ó làágùn kò gbọdọ̀ máa pọ́n àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kò tíì jọ mọ́ínmọ́ín tó lójú mi, àwọ̀ ni ó sì fà á. Pupa ọsàn tí a kọ́kọ́ rà mọ́lẹ̀ jù. Mọ́ínmọ́ín gba pupa rẹ̀ lọ́wọ́ tàtàṣé àti epo, ṣùgbọ́n ẹ̀wà a máa pa iná pupa náà, ohun tí ó kù á rọ̀ lójú, á fẹ́ dà bí amọ̀. A fi òwú ìránṣọ tín-ínrín aláwọ̀ ilẹ̀ kún òwú ọsàn náà, a jọ ń hun méjèèjì pọ̀, ó sì rọlẹ̀. Ewé náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ ewé tútù ni ọmọ náà lò, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń tú mọ́ínmọ́ín tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ewé tí ó ti inú ìkòkò jáde a máa ṣú, a máa fẹ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí a pààrọ̀ rẹ̀ sí ewéko tí ó ṣú bẹ́ẹ̀, ìdajì káróòtì ti kú.

Ibi tí a rán ewé mọ́ ni ó pa ìdajì kejì. Ewé káróòtì ń hù jáde láti orí rẹ̀. Ewé mọ́ínmọ́ín ń gbá a mọ́ra láti ẹ̀yìn. A hun ojú 10 tí ó tẹ̀ lé ara wọn bí ẹ̀wọ̀n, a sì yí i ká lọ́tùn-ún àti lósì, a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àfàkan, a lo àfàméjì ní àárín kí ó lè fẹ̀, a sì tún padà sí àfàkan ní òpin kí ó lè ṣe ṣóńṣó. (Ojú gíga tí ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kò ṣeé pa tì ní ibí yìí, òun ni ó ń fún ewé ní ìbàdí.) Ẹyọ méjì irú rẹ̀ ni a rán mọ́ ẹ̀yìn mọ́ínmọ́ín kọ̀ọ̀kan, láti ìdí rẹ̀ wá sí ibi ṣóńṣó, tí a fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u. Ní iwájú náà ni ẹyin wà: ojú 6 òwú ìyeyè nínú òrùka, ojú 12 funfun yí i ká, kò ju èékánná lọ. Ọmọ náà fi òwú ìránṣọ pupa dá tóótòòtó ata sí ara rẹ̀ níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Mo ní kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé nínú iṣẹ́ tí ó kéré báyìí, ohun tí a fi kún un lẹ́yìn ìgbà tí ojú ti dá a mọ̀ a máa dí ojú náà lọ́wọ́.

Òrùka ni apá tí n kò jẹ́ kí ó dá ṣe. Kíhódà kì í gbé orí àga bí ọmọláńgidi. Wọn á jù ú sórí tábìlì, ọmọ ọwọ́ á fà á jẹ, á wà nínú àpò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí eyín rẹ̀ mú, ibi tí òwú bá irin pàdé ni ó sì kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Àwọn òrùka wẹ́wẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé wáyà wọn ká lẹ́ẹ̀kan péré, tí ẹnu méjèèjì kàn wá pàdé. Òwú a máa gba àárín ẹnu náà yọ́ jáde, ọjọ́ tí onítọ̀hún yóò bá mọ̀, kíhódà ti bọ́ sọ́nà Ìbàdàn. Bí a bá fẹ́ lò ó dandan, ẹ̀mú méjì ni kí a fi ṣí i, kí a tì í sí ẹ̀gbẹ́, kí a má fà á ya sí ìta, nítorí pé èyí tí a bá fà ya kì í pàdé dáadáa mọ́. A yan òrùka tí wáyà rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, irú èyí tí kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ń wọ̀. Òwú tí ó so mọ́ ọn, a kò rán an mọ́ ojú ìta kan ṣoṣo bí ọmọ náà ti kọ́kọ́ ṣe é. A hun ẹ̀wọ̀n 12, a ṣẹ́ ẹ po sí méjì, a ta kókó sí ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì fi kókó náà sínú fáíbà kí a tó fa ìdí mọ́ínmọ́ín pa, tí ó fi jẹ́ pé àárín ojú 6 tí ó kẹ́yìn ni ẹ̀wọ̀n náà gbà jáde. Lẹ́yìn náà ni a fi abẹ́rẹ́ rán ìyókù òwú rẹ̀ gba inú ìyípo mẹ́ta kọjá.

A dán gbogbo 30 wò. Omi inú ọ̀rá méjì, tí ìwọ̀n wọn lápapọ̀ sún mọ́ kílò kan, ni a so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìṣó di ọjọ́ kejì. Méjì já bọ́. A tú ìdí wọn, a rí i pé kókó wọn kò fún, a sì tún wọn ṣe. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ayẹyẹ ku ọ̀la, ni oníbàárà wa wá kó o. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka kan ẹyin rẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí òun san owó tí ó kù kí òun tó jókòó. Lẹ́yìn tí a yọ owó òwú tí a rà lásán àti òwú wúùlù, èrè wa kò tó ìdajì èyí tí mo ṣírò. Káróòtì 10 ni a tú, a fi omi rẹ òwú wọn kí wíwé rẹ̀ lè nà, a sì lò ó fún nǹkan mìíràn. Ìkọkànlá ṣì wà lórí ìṣó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé èló ni.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa láti Lágere sí Sábó, mo sì rí ọ̀kan lára wọn tí ó ń mì lẹ́nu kọ́kọ́rọ́ awakọ̀. Epo ti sọ ewé rẹ̀ di dúdú, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti hu díẹ̀ níbi tí ó ti fara kan òrùka, ṣùgbọ́n kò tíì yọ. Oníbàárà wa náà ti dá méjì padà, nítorí pé ẹyin wọn ṣí kúrò; orí òwú ìta nìkan ni a rán wọn mọ́. A fi abẹ́rẹ́ gígùn gbé òwú ẹyin náà gba inú fáíbà kọjá sí ẹ̀yìn, a ta kókó rẹ̀ sábẹ́ ewé, n kò sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.